Tàdáwà Elésè-Àlùkò

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ẹnìkan tí mo ti kọ́ ní ìwé rí fi ìgò tàdáwà kan ránṣẹ́ sí mi ní Ìsẹ́yìn láti òkè òkun. Elésè-àlùkò ni àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kún. Ó dà bí ẹni pé a ti fi omi là á. Inú mi dùn púpọ̀. Mo fọ kálàmù mi, mo jẹ́ kí ó mu tàdáwà náà yó, mo sì jókòó láti dán an wò.

Lórí ìwé tí ó nípọn, ó wu ojú. Níbi tí ọwọ́ mi ti yára, ó fẹ́lẹ́ bí òdòdó. Níbi tí mo ti dúró ronú, ó kún díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lórí ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó tàn káàkiri bí omi lára òwú. Bí mo bá sì ṣí kálàmù sílẹ̀ díẹ̀, ọyẹ́ a gbẹ ẹ́ sí ẹnu.

Àwọ̀ yìí ní ìtàn. Ara ìgbín òkun ni a ti ń mú un jáde ní ayé àtijọ́, owó ńlá sì ni. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni Lídíà ará Tíátírà ń tà. Ní 1856, William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ́nù, ń wá ọ̀nà láti ṣe kuiníìnì, oògùn ibà, láti inú ohun tí a ń rí nínú ọ̀dà èédú ilẹ̀. Kò rí kuiníìnì ṣe. Aró elésè-àlùkò ni ó rí. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ àwọn ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ti gbogbo ènìyàn.

Nínú ayọ̀ mi, mo fi tàdáwà náà kọ ìwé sí arúgbó tí ó kọ́ mi ní a, b, d ní Ṣakí. Èsì rẹ̀ kúrú: “Ọmọ mi, mo rí ìwé rẹ, n kò rí ọ̀rọ̀ rẹ. Ojú mi ti lọ.”

Èsì náà gún mi ní ọkàn. Ní ọjọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣakí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, tàdáwà mi ni ó lọ, kì í ṣe ojú yín.” Mo fi tàdáwà dúdú kọ gbólóhùn kan fún wọn. Wọ́n kà á ketekete, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí mo padà, mo wo ojú ìwé kan tí mo ti gbé sí ojú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́. Mo rántí àwọn aláró wa: ẹni tí ń pa òwú etù láró kì í rì í lẹ́ẹ̀kan kí ó jáwọ́, a máa rì í léraléra títí yóò fi dú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi tàdáwà fífẹ́lẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ bí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí a ṣe ìrìbọmi fún, àti ìwé sí àgbàlagbà, ẹ fi èyí tí ó dú kọ ọ́. Ẹni tí yóò kà á ni a ń kọ̀wé fún. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú wá a tì.