Ìbéèrè Tó Yẹ Kí A Bi Irin Àlòkù

Ọ̀rọ̀ Hausa ni «zango», ibi tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn máa ń sọ̀ sí kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Inú rẹ̀ ni orúkọ Zongo ti jáde. Àwa tí a ń gbé Zongo ti Parakou mọ ohun tí orúkọ náà ń béèrè lọ́wọ́ wa. Dendi, Hausa, Bariba àti Yorùbá jọ ń rà, wọ́n jọ ń tà, a kì í sì í fi ìlú tí àlejò ti wá díwọ̀n ìwà rẹ̀. A ń wo ọwọ́ rẹ̀, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a tó fún un ní yàrá. Ó ya ni lẹ́nu pé, nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ irin ọkọ̀, a máa ń gbàgbé ọgbọ́n yìí. Ẹni tó ń tà á yóò ní, «Ó ti France dé,» a ó sì yọ owó.

Láìpẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ mẹ́rin tí a jọ ni Peugeot 504 kan, èyí tó ń kó èrò láti Parakou lọ sí Nikki. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde nídìí rẹ̀, àmì pé epo ẹ́ńjìnnì ń jóná níbi tí kò yẹ. Omi rẹ̀ sì ń hó kí ó tó dé N'Dali. Ọ̀gá mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ lábẹ́ igi, ó to gbogbo rẹ̀ sórí àpò ìrẹsì. Irin tuntun kọjá agbára wa. Àlòkù ni a ó rà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá náà ṣe ni pé ó fọ gbogbo irin tí wọ́n gbé wá fún wa wò. Irin tí ọ̀rá bò kò lè jẹ́rìí. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kí ó lè dán ni kí a fura sí jù.

Lẹ́yìn náà ni ó fi okùn gbé vilebrequin kọ́, ó fi òòlù kékeré kàn án. Ìyá tó ń ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi ìka kàn án, ó dẹtí. Èyí tó dún gooro ni yóò gbé. Èyí tí ohùn rẹ̀ kú, ó ti sán. Ọ̀gá tún fi èékánná fa ojú ibi tí irin náà ti ń yí. Níbi tí èékánná bá ti há, ọgbẹ́ náà ti jìn, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fá a kí ó tó ṣe é lò.

Nínú ẹ́ńjìnnì 504, inú chemise ni piston ti ń lọ tó ń bọ̀. Èdè Faransé sọ òótọ́ níhìn-ín, nítorí ẹ̀wù ni lóòótọ́: a lè bọ́ ọ, kí a wọ òmíràn. Omi ni ó yí ẹ̀wù náà ká, nítorí náà ìpẹtà lè ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí inú ṣì ń dán. Nínú, òkè ni ó ti ń jẹ jù. A ń fi òrùka piston sínú rẹ̀ lókè, a ó wo àlàfo tó wà láàárín ẹnu òrùka náà. A ó tì í sísàlẹ̀, a ó tún wò ó. Bí àlàfo òkè bá fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ dáadáa, ẹ̀wù náà ti gbó.

Culasse ni ó fún wa níṣẹ́ jù. Ẹyọ kan péré ni a rí lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ náà, ó mọ́, ojú rẹ̀ sì tẹ́jú. Ọ̀gá rẹ ẹ́ sínú epo fìtílà mọ́jú, ó nù ún gbẹ, ó wá lọ ẹfun tí a fi ń kọ̀wé sójú pátákó kúnná, ó fi kùn ún. Epo tó bá sá pamọ́ sínú ibi tó sán yóò jáde wá rin ẹfun. Ọgbọ́n àtijọ́ àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ni. Kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ìlú tí ojú irin 438 km láti Kútọnù ti parí. Nígbà tó ṣe, ìlà kan tó tínrín bí irun yọ láàárín ihò soupape méjì.

Gaani ti Nikki kù sí dẹ̀dẹ̀, èrò yóò pọ̀ lójú ọ̀nà. Méjì nínú wa ní kí a lò ó di ẹ̀yìn ọdún náà, nítorí ìlà náà kéré. A mọ ohun tí ó lè ṣe: iná yóò gba ibẹ̀ wọ inú omi, ọkọ̀ yóò hó, yóò sì kú lójú títì lóru, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá kò bá wa jiyàn. Ó ní: «Èrò kò sí níbí láti rí ìlà yìí. Ẹ̀yin ni ẹ rí i.» A dá culasse náà padà. Gaani kọjá, ọkọ̀ wa ṣì wà lábẹ́ igi. Àyẹ̀wò kò nira. Gbígba ohun tí àyẹ̀wò sọ ni ó ń ná ni lówó.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Palmer ni orúkọ ohun tí a fi ń wọn vilebrequin, láti ara Jean Laurent Palmer, ọmọ Faransé tó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1848. Ọmọ iṣẹ́ kan mú un lójú wa, ó wọn irin náà lóròó àti ní ìbú, ó ka ìdá ọgọ́rùn-ún milimítà láìṣì. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá dọ́gba, irin náà kò rí roboto mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá ní kíláàsì pé kí ni a ń fi décimaux ṣe, ẹ lọ bi í. Ìwọ ọmọ iṣẹ́ náà, tí o ń múra ìdánwò CQM, ní ìwé kan: kọ orúkọ irin kọ̀ọ̀kan ní Faransé, kọ ọ́ ní Yorùbá, kí o sì kọ bí ó ti ń dún nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá rán ọ lọ ra àlòkù, mú ẹfun dání.