Ní Ti Ìbọn Ìléwọ́ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ ní Etí Òkun

Kò sí irin tí ó rọrùn láti pa mọ́ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwa tí a ń gbé ní Etikan, láàrin ọ̀sà àti òkun, mọ èyí dájú. Páànù titun tí a bá kàn sórí ilé lónìí yóò ti máa pọ́n kí ọdún mélòó kan tó yí po. Ìdè ilẹ̀kùn a máa ké. Ìwọ̀ ẹja tí a bá gbàgbé sínú ọkọ̀ a di ohun tí ọwọ́ lè dá bí ẹ̀ka gbígbẹ. Agogo ilé ìsìn pàápàá ń fẹ́ òróró níbi tí ó gbé rọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti orí òkun wá ni ó ń gbé iyọ̀ wọlé, iyọ̀ a sì fa omi mọ́ra, àwọn méjèèjì a sì jọ máa jẹ irin lọ́sàn-án àti lóru. Òkun tí ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé mì ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, kò lè ṣàánú ìṣó.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá léèrè, nítorí náà, bí ó ti yẹ kí a tọ́jú ìbọn kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan mú, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni iyọ̀. Ohun kejì ni ìdí tí wọ́n fi bèèrè. Láti ìgbà ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1998 láàrin Ìlàjẹ àti àwọn aládùúgbò wa ará Arogbo, àti pàápàá láti ìgbà tí àwọn olè orí omi àti àwọn ajínigbé ti ń dààmú àwọn arìnrìn-àjò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ro ohun tí àwọn baba wọn kò rò. A gbà pé ó sàn kí a dá wọn lóhùn ní kíkún ju kí a sọ pé kí wọ́n má bèèrè lọ. Ohun tí olùkọ́ kò bá sọ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ ní èbúté.

Ìbọn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó ra ìbọn irú titun, èyí tí a ń ki ọta bọ̀ ní ìdí dípò ẹnu, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn lójú ogun. Ọ̀nà Oǹdó, èyí tí Glover, alákòóso Èkó, ṣí ní 1872, ni ọ̀nà tí ó wà fún wọn, ọ̀nà náà sì gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn kí ó tó gun òkè lọ sí Oǹdó. Ìró ìbọn ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Kí ogun náà tó tán, ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels láti dá òwò ẹrú dúró, wọ́n sì fi òfin dí títa àwọn ìbọn titun wọ̀nyí ní apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ìbọn olókùúta ìṣáná àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Àwọn kan a máa wí pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ ni ó mú kí ọdẹ wa di ṣakabùlà mú títí di òní. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọdẹ àgbà mọ bí a ti ń tọ́jú ṣakabùlà. Omi gbígbóná ni wọ́n ń dà gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín, nítorí pé èérí ẹ̀tù a máa fa omi mọ́ra. Lẹ́yìn náà wọ́n a nù ún gbẹ, wọ́n a fi àdín pa á, wọ́n a sì gbé e kọ́ sókè ibi tí èéfín ìdáná ń dé. Ohun ńlá ni, ojú gbogbo ilé ni ó wà, ariwo rẹ̀ kò sì ṣeé fi pamọ́.

Ìbọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní 1887, wọ́n sì ń rọ ọ́ títí di 1940. Revolver ni àwọn òyìnbó ń pe irú rẹ̀, nítorí pé ó ní àgbá kékeré kan tí ó ń yí bí ìka bá ti ń fà á, àgbá náà sì ní ihò márùn-ún, ọta kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ àpò ẹ̀wù. Òòlù tí ó ń lu ìdí ọta kò hàn síta, kí ó má baà kọ́ aṣọ nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Ohun tí ó sì sọ ọ́ di olókìkí ni pẹlẹbẹ irin kan tí ó wà lẹ́yìn èèkù rẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ń gbé. Bí a kò bá fún pẹlẹbẹ yìí mọ́ inú, òòlù kò lè ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, bí ó ti wù kí ìka fà á tó. Bí a bá fún un, ọ̀nà là. Nítorí fífún yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi sọ ọ́ ní ìnagijẹ, wọ́n ń fi í wé ohun èlò tí a fi ń fún ọsàn wẹ́wẹ́. Ní 1952, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n tún rọ òmíràn tí ó ní ààbò kan náà.

Ọgbọ́n ńlá ni, a kò sì ní bu ẹni tí ó rò ó kù. Ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le, yóò ṣòro fún un láti fún ẹ̀yìn kí ó sì tún fa iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìbọn náà bá bọ́ lulẹ̀, òòlù rẹ̀ wà ní ìdè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ààbò yìí mọ̀; kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ọwọ́ olè lágbára. Ọwọ́ ọ̀mùtí lágbára. Ọwọ́ ọkọ tí inú ń bí ní ọ̀gànjọ́ òru a sì tún lágbára ju ti ìgbà mìíràn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìlú ńlá lọ. A kò rò pé àwọn ará Springfield ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Ní ti ìtọ́jú, iṣẹ́ tí kò lópin ni. Ẹni tí òfin bá fún láyè láti ní in gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó ṣí i láti òkè, nítorí pé àárín ni ó ti ń ká, kí ó kó gbogbo ọta kúrò, kí ó sì wo ihò márààrún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀. Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí rẹ̀. ‘Mo ti kó o kúrò láná’ ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ó gbé àwọn ọta náà lọ sí yàrá mìíràn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aṣọ gbígbẹ ni yóò fi nu gbogbo ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi ọwọ́ kàn án, nítorí òógùn ènìyàn ní iyọ̀ nínú gẹ́gẹ́ bí omi òkun, a sì ti rí irin tí àmì ìka ènìyàn pọ́n sí lára bí òǹtẹ̀. Òróró ẹ̀rọ fífúyẹ́ ni yóò tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀. Àdín tí ó dára fún ṣakabùlà kò dára fún èyí. Yóò lẹ̀, yóò sì kó iyanrìn jọ sí ibi tí ojú kò tó. Àwọn tí a rọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀tù dúdú ni a ṣe wọ́n fún, kò sì yẹ kí a ki ọta òde òní tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù sínú wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fi nickel bò, wọ́n sì ń dán bí fàdákà. Dídán yìí a máa tan ni jẹ. Níbi tí ó bá ti bó díẹ̀, ìpáàrà a gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, a sì máa jẹ ẹ́ lọ bí ikán ti ń jẹ òpó tí a kùn ní ọ̀dà. Àpò awọ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti fi í sí náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí awọ a máa mu omi ojú ọjọ́, a sì máa fún irin mu. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ṣòro jù ni pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èèkù. Sípíríǹgì kékeré kan ni ó ń tì í jáde, òógùn àti iyọ̀ àti eruku àpò a sì máa bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí ó bá dógùn-ún nígbà tí pẹlẹbẹ wà ní ìta, ìbọn kò ní yìn mọ́, ìyẹn sì sàn. Bí ó bá dógùn-ún mọ́ inú, ààbò ti kú, ìbọn ṣì wà láàyè, kò sì sí ohun tí ó yí padà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti 1940 ni a kò ti rọ irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yà rẹ̀ kò rọrùn láti rí, alágbẹ̀dẹ tí ó bá sì fi ayùn ha inú rẹ̀ ti ba ohun tí kò lè tún ṣe jẹ́.

Kí a tó dé ibi òróró àti aṣọ pàápàá, òfin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìpín kan. Ìbọn ọdẹ òyìnbó wà ní òmíràn, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ó sì ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ gbogbo wà ní ìpín kan náà pẹ̀lú àgbá ogun àti bọ́ǹbù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní in láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Òfin 1984 nípa olè àti ìbọn sì sọ pé ẹni tí ó bá ní ìbọn láìbá òfin mu yóò san ₦20,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n fún ọdún 10 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Owó náà ti di kékeré láyé ìsinsin yìí. Ọdún mẹ́wàá kò kéré sí i.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa, tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, sùn nínú Olúwa. Lẹ́yìn ìsìnkú, opó rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá pé àpótí irin kan wà lábẹ́ ibùsùn tí òun kò fẹ́ kí a ṣí láìsí ẹlẹ́rìí. Baálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Àkọ́bí ti mú òòlù láti fọ́ àgádágodo nígbà tí ọmọ ọmọ olóògbé, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, wọ inú yàrá, ó gun àga, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ náà wá láti ẹ̀yìn àtùpà. Kò sí ẹni tí ó bi í bí ó ti ṣe mọ̀. Ìyá rẹ̀ kàn fà á mọ́ra.

Ìbọn ìléwọ́ ni a bá, irú èyí tí a ti ń ṣàpèjúwe, nínú àpò awọ tí ó ti bu. Bàbá náà kò pa á tì. Aṣọ mímọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgò òróró kékeré. Àgbá rẹ̀ ń yí, ara rẹ̀ ń dán. Ọta márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ológun náà kó wọn jáde, ó tò wọ́n sórí ẹní, lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn èèkù. Kò sí ohun tí ó mì. Pẹlẹbẹ náà ti lẹ̀ mọ́ inú, ìpáàrà sì ti dè é síbẹ̀. Ohun tí ojú rí ni bàbá náà ti ń nù.

Àkọ́bí kò fẹ́ kí ìbọn náà lọ. Àwọn olè ti gba ọkọ̀ àti ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ rí lórí ọ̀sà. Ó kọjú sí wa, ó ní, “Bàbá Kátíkíìsì, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá tún dé lóru, ṣé orin ni kí a máa kọ fún wọn?” A sọ fún un pé àwọn tí ó ń bọ̀ ní ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ìbọn gígùn, ọta márùn-ún láti inú ọkọ̀ tí ń mì kò lè dá wọn padà, pé olè tí ó bá gbọ́ pé ìbọn wà ní ilé kan yóò wá nítorí ìbọn náà gan-an. Ó gbọ́, ó sì dáhùn pé a kò tíì sọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Òtítọ́ ni ó sọ. Ohun tí a ń ṣe ni pé ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a jọ rìn, a kì í rin ọ̀nà jíjìn lóru, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa fi fèrè ṣọ́ èbúté. Àwa kò lè wo ojú ọkùnrin tí a ti jà lólè kí a sọ fún un pé fèrè tó.

Ìyá rẹ̀ ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tí ó mọ ibi kọ́kọ́rọ́ kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ gbé e kúrò nílé mi.”

Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ pé a ó mú wọn. Nítorí náà Baálẹ̀ kọ ìwé sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ṣàlàyé bí a ti rí i àti lójú àwọn ta ni. Ní ọjọ́ kejì ọlọ́pàá méjì dé nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Wọ́n kọ nọ́ńbà ìdí èèkù sílẹ̀, wọ́n ka ọta, ọ̀kan nínú wọn ti ní àwọ̀ ewé. Baálẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé náà, àkọ́bí fi ọwọ́ sí i, àwa náà fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Opó náà bèèrè bóyá òun lè mú àpótí. Wọ́n ní kò burú. Òwú àwọ̀n ni ó wà nínú rẹ̀ nísinsin yìí, a kì í sì í tì í.