Ìwé Ọmọ Ìbílẹ̀: Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Mo Lò ní Igbó-Ọrà

Bí a bá dárúkọ Igbó-Ọrà, ìbejì ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Kò yani lẹ́nu. Ìwádìí tí Dókítà Patrick Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé nínú ìbímọ 1,000, bíi 45 sí 50 ni ó máa ń jẹ́ ti ìbejì, bẹ́ẹ̀ bíi 12 ni ti àgbáyé. Àwọn oníròyìn ti òkè òkun wá ya fọ́tò, ìlú náà sì ti ń ṣe ọdún ìbejì láti 2018. Ṣùgbọ́n èmi kò bá ti ìbejì lọ. Ìwé kan ṣoṣo ni mo wá lọ: ìwé tí yóò jẹ́rìí pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni mí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ti wá iṣẹ́ ìjọba rí mọ ìwé náà dáadáa. Wọ́n ti pè mí fún àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ olùkọ́, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ sì ni gbèdéke. Mo ní gbogbo ìwé yòókù. Èyí tó yẹ kó rọrùn jù ni n kò ní.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ni ọmọ Igbó-Ọrà. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú gbogbo fọ́ọ̀mù, "Ìbàràpá Àárín Gbùngbùn" ni mo ń kọ síwájú ibi tí wọ́n bá ti béèrè ìjọba ìbílẹ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo débẹ̀ lọ́mọdé, n kò sì sùn níbẹ̀ rí. Ní 2019 bàbá mi kú. Mùsùlùmí ni, a kò jẹ́ kí òkú rẹ̀ sùn. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìbàdàn la sin ín sí. A pe ìlú lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni kò gbé e. A kò tún pè mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbéra. Ọ̀nà Elẹ́yẹlé la gbà, a kọjá Ìdó, a dorí kọ Èrúwà. Bí ilé ṣe ń dínkù ni òkúta ń pọ̀ sí i. Àwọn àpáta Ìbàràpá máa ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín oko gbágùúdá àti oko àgbàdo, bí àgbà tó jókòó síwájú ilé tí ó ń wo gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ìlú méje ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń kà bí wọ́n bá ní Ìbàràpá méje: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n pín wọn sí, Igbó-Ọrà sì ni olú ìlú ti Àárín Gbùngbùn.

Nígbà tí a dúró ní Èrúwà, ìyá kan nínú ọkọ̀ ń sọ ìtàn Dókítà Olúyọ́mbọ̀ Awójọbí fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ni dókítà náà. Ó wá sí Èrúwà ní 1983, ó ń tọ́jú àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2015. Àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológere ló fi ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Ìyá náà ní, "Ó wá bá wa ni o, kò sì lọ mọ́. Ta ló máa bi í léèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀?" Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo fọwọ́ kan àpò mi tí fọ́ọ̀mù òfìfo wà nínú rẹ̀.

Ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, mo bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin kan wá san owó ìsọ̀ ọjà. Ọ̀dọ́ méjì fẹ́ mọ ọjọ́ tí àwọn lè ṣe ìgbéyàwó níwájú akọ̀wé. Alápatà kan mú rìsíìtì dání. Ní yunifásítì, mo ti kà á pé Àfikún Kẹrin sí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, àti kíkọ orúkọ ẹni tí a bí, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tó kú sílẹ̀. Lójú ìwé, ó dà bí àkójọ aláìlẹ́mìí. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo rí i pé ayé ẹ̀dá láti ìkókó dé sàréè ni.

Obìnrin òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn fara balẹ̀. Ó wo fọ́ọ̀mù mi, ó ní, "Àǹtí, èyí kò le. Ẹ lọ bá baálé agbo-ilé yín, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn mọ̀ yín. Bí ẹ bá mú un dé ní ọjọ́ Ajé, ẹ ó gba ìwé yín." Mo dúpẹ́. Ohun tí kò le lójú rẹ̀ ló wá mú àyà mi já.

Ọlọ́kadà tó gbé mi béèrè agbo-ilé lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí a tó débẹ̀. Baálé jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Ó jọ ọ́ ní iwájú orí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ lo wá gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. O ní kí n jẹ́rìí pé mo mọ̀ ọ́. Mo mọ̀ ọ́ bí?"

N kò rí èsì fún wọn. Èmi tí mo gba oyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí mo lè ṣe àlàyé oríkì orílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, n kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó yí mi ká. Baálé ní ìpàdé ẹbí yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú, kí n dúró dè é. Mo ní èmi yóò wá òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ onílé kì í sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. A kò tíì mọ̀ bóyá ilé rẹ nìyí, ṣùgbọ́n títí a ó fi mọ̀, wọlé."

Yàrá ìyá àgbà kan ni wọ́n fi mí sí, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé. Ó fún mi ní ẹní, ó sì gbé àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa wá, èyí tí wọ́n ń fi ewé ilá sè. Ewé yìí ni ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé ó ń fa ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo jẹ àjẹtán. Ìyá kò béèrè ohunkóhun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọjà Tówóbọwọ́. Gààrí àti ẹ̀gúsí ni ó wá rà. Ohun tó gba àfiyèsí mi ni pé owó kò fi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ ọwọ́ kí ọ̀rọ̀ tó pààrọ̀ ẹnu. Ìyá béèrè ara ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ẹlẹ́gúsí. Ẹlẹ́gúsí béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ dá owó kànga dẹ̀rọ. Ẹlòmíràn fi ikú kan tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Nígbà tí a óò fi kúrò ní ọjà, ìyá ti jíṣẹ́ márùn-ún, ó sì ti gba iṣẹ́ méje. Wọ́n bi í léèrè nígbà mẹ́ta pé ta ni mí. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "àlejò Baálé" ni ó fi dáhùn.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ogójì ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jókòó, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Kànga dẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Páìpù inú rẹ̀ ti gbó, omi kì í jáde dáadáa mọ́. Káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà kí wọ́n dúró de ìjọba. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà tó gbà mí sílé ló dìde tẹ̀ lé e. Ìdèrè tó wà nítòsí ni wọ́n ti bí i. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọdé kò mọ sòbìà." Ó fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi àpá hàn wá ní ojúgun rẹ̀. Ó sọ bí aràn náà ṣe máa ń yọ jáde lára ènìyàn lásìkò tó yẹ kó wà lóko, tí odidi agbo-ilé yóò dùbúlẹ̀ nítorí omi adágún tí wọ́n mu. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn bá wọn jà á fún ọdún pípẹ́ ní Ìdèrè. 2008 ni wọ́n rí aláìsàn sòbìà ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. "Asẹ́ la fi ń sẹ́ omi kí kànga tó dé," ni ìyá wí. "A kò dúró de ẹnikẹ́ni."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹnu kò. Agbo-ilé yóò ra páìpù, káńsílọ̀ yóò bá wọn bẹ ìjọba ìbílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí yóò rì í. Akọ̀wé ẹbí ṣí ìwé owó dídá, ó ń pe orúkọ.

Nígbà náà ni Baálé nawọ́ sí mi. Mo kúnlẹ̀ láàárín ìpàdé. Bàbá kan tó jẹ́ àbúrò bàbá bàbá mi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ẹ sin ọmọ wa, ẹ kò sọ fún wa. Ẹnu ọlọ́jà la ti gbọ́ ọ, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí o nílò ìwé, o wá mọ ọ̀nà." Òótọ́ ni. N kò ṣàwáwí. Mo ní a pè lẹ́ẹ̀kan, a kò tún pè, ẹ̀bi wa ni, ẹ forí jì wá.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Akọ̀wé ẹbí, ẹni tó ń ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn láti ìgbà tí mo ti dárúkọ bàbá mi, wúkọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ka nǹkan kan. Ó ka orúkọ bàbá mi, ọdún dé ọdún: owó kànga dẹ̀rọ, owó ẹ̀rọ amúnáwá, owó àtúnṣe mọ́sálásí, owó ìsìnkú ẹni tí n kò mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, "ó fi rán awakọ̀". Oṣù Kejì, 2019, ni ìkẹyìn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló kú.

Kò sọ ọ́ fún wa rí. Nínú ilé wa, a rò pé ó ti gbàgbé ìlú rẹ̀ ni. Ní ìlú rẹ̀, wọ́n rò pé àwa la gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ ilé-ìwé tí etí rẹ̀ ti wó ló wà láàárín àwa àti àwọn ní gbogbo ìgbà yẹn.

Bàbá tó bínú kò sọ ohun púpọ̀. Ó ní ti ìsìnkú náà kò tíì tán, kí n mú ìyá mi àti àwọn àbúrò mi wá ṣe àdúà níbí. Mo gbà. Mo san owó páìpù ní orúkọ bàbá mi. Akọ̀wé kò gbà, ó ní orúkọ èmi gan-an ni òun yóò kọ, nítorí òkú kì í dáwó. Baálé fọwọ́ sí lẹ́tà mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin òṣìṣẹ́ yẹn gba lẹ́tà náà, ó lu òǹtẹ̀, ó sì fún mi ní ìwé. Ojú ewé kan ni. Mo mú un dé ibi àyẹ̀wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí gbèdéke tó pé. Wọn kò tíì pè wá lórí iṣẹ́ náà. A ti mú ọjọ́ tí a ó jọ lọ ṣe àdúà.

Nígbà tí mo ń dágbére, ìyá àgbà bá mi gbé báàgì mi dé etí títì. Ọlọ́jà kan tó ti rí wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tún béèrè pé àlejò Baálé ti ń lọ ni? Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó ilé máa ń pe ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo-ilé ní ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe obìnrin. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ìyá tó tó bí ìyá mi gbé báàgì fún mi, ó fi ìkúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó sì dá ọlọ́jà náà lóhùn pé, "Kì í ṣe àlejò. Ọkọ mi ni."