Ní Ipasẹ̀ Erin: Láti Tchaourou dé Pendjari

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ ń ṣàlàyé òwe fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tchaourou. Ó ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin ti fojú ara yín rí erin rí?" Kíláàsì dákẹ́. Ọ̀gá náà kò rí erin rí, àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì rí i rí. Erin, kìnnìún, ẹfọ̀n: a ń fi wọ́n kọ́ ọmọ lọ́rọ̀, a ń fi wọ́n ki ọba àti akọni, ṣùgbọ́n orúkọ wọn nìkan ni a mọ̀. Nígbà tí ìsinmi ránpẹ́ ti oṣù kejì dé, àwa mẹ́rin dá owó jọ, a háyà mọ́tò kan, a ní a ó lọ wá àwọn tó ni orúkọ náà kàn.

Ibi tí a kọ́kọ́ dúró sí kò jìnnà sílé. Bétérou, ní etí odò Ouémé, wà lábẹ́ Tchaourou kan náà, àwọn igbó ìjọba Ouémé Supérieur àti Wari-Maro sì wà nítòsí rẹ̀. Bàbá ọdẹ kan tí a lọ kí sọ fún wa pé erinmi ṣì ń bẹ nínú ibú, òun a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru. A jókòó sí etí odò títí oòrùn fi wọ̀. Ipasẹ̀ nìkan ni a rí nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí a béèrè erin, bàbá fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn oko iṣu tó lọ salalu, àti sí àwọn àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà de ọkọ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, igbó ni ilé erin. Ta ni yóò dúró nínú ilé tí a ti wó?" Kò bínú bó ti ń sọ ọ́. Òun náà ń jẹ iṣu, àwa náà ń fi èédú dáná.

Láti ibẹ̀ a gba Djougou lọ sí Natitingou, níbi tí òkè Atacora ti gbé orí sókè. Lẹ́yìn ibi tí àwọn alápatà ti ń pa ẹran, igún bà sórí igi, wọ́n pọ̀. A kò kà wọ́n sí ohun àrà, nítorí igún kì í ṣe àlejò lójú wa. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè nínú wa ló rán wa létí pé igún yìí gan-an, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní vautour charognard, ti wà láti ọdún 2015 lára àwọn ẹ̀dá tí àjọ IUCN kà sí èyí tó súnmọ́ àparun jù lọ. Májèlé inú òkú ẹran ń pa á, àwọn kan sì ń ta orí rẹ̀ lọ́jà fún oògùn. Àwọn baba wa kà á léèwọ̀ láti pa igún, wọ́n kà á léèwọ̀ láti jẹ ẹ́. Èèwọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wa. Ọjà ti gbàgbé rẹ̀.

A sùn ní Tanguiéta. Ní ìdájí ọjọ́ kejì a wọ Pendjari láti ẹnu ọ̀nà Batia. Ọdún 1961 ni Pendjari di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Ní 2017, ìjọba Benin fi ìtọ́jú rẹ̀ lé àjọ African Parks lọ́wọ́. Ní ọdún kan náà ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé, pọ̀ mọ́ ọgbà W àti ọgbà Arly ti Burkina Faso. Àwọn ọgbà mẹ́ta yìí ni ibi tí erin pọ̀ sí jù lọ tó kù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ní adágún Bali, a gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ onígi, a dúró. Kò pẹ́, erin yọ láti inú igbó: ìyá kan ló ṣáájú, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ọmọ kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa títí wọ́n fi mu omi tán. Ní ìrọ̀lẹ́, amọ̀nà wa fi abo kìnnìún kan hàn wá lábẹ́ igi. Ó ṣàlàyé pé akọ kìnnìún ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í ní gọ̀gọ̀ ńlá bíi ti àwọn inú fíìmù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé nǹkan bí 400 péré ló kù ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nínú àwọn ọgbà mẹ́ta wọ̀nyí. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo lè pọ̀ jù wọ́n lọ.

Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá náà dúró níwájú kíláàsì, ó ní: "A rí erin." Ọmọbìnrin yẹn tún béèrè pé: "Ìgbà wo ni àwa náà yóò lọ?" A ní ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ náà kò bá wa ṣe é. Ní oṣù karùn-ún 2019, àwọn agbébọn jí arìnrìn-àjò Faransé méjì gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn, ọmọ Benin. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà W, ẹ̀mí bọ́. Amọ̀nà tó mú wa kiri ti di àgbẹ̀ olówùú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró ń fi ẹ̀mí ara wọn ṣọ́ erin tí ọmọ wa kò lè lọ wò.

Ọ̀nà Pendjari kò sí lọ́wọ́ wa. Ti Bétérou wà lọ́wọ́ wa. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, a kó àwọn ọmọ lọ sí etí odò Ouémé. A kọ́kọ́ sọ fún wọn ohun tí èédú àti oko ń ṣe sí igbó, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a pa igún. Ní ìrọ̀lẹ́, omi ru, imú yọ, etí méjì mì. Ọmọ kan kígbe pé òun rí nǹkan. Èkejì rẹ̀ dá a lóhùn pé: "Erinmi ni. Sọ pé o rí erinmi."