Egbò Tí A Fi Àtíkè Bò

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí mi ní Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí mo gba Jésù ní 1988, ohun àkọ́kọ́ tí mo sá fún ni agbẹ̀dẹ wọn, nítorí ojúbọ Ògún tó wà níbẹ̀. Mo rò pé òrìṣà nìkan ni mò ń sá fún. N kò mọ̀ pé mo ń sá fún ọgbọ́n pẹ̀lú.

Ní 2016, géètì ìjọ wa ní Ṣágámù dípẹtà. Àjọ̀dún ti dé tán, mo sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ kùn ún lọ́dà bẹ́ẹ̀. Ó dán, gbogbo ènìyàn yìn ín. Nínú òjò 2018, òpó kan kán nídìí, géètì wó lulẹ̀. Ọmọ kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni. Ara mi gbọ̀n títí di alẹ́.

Mo tọ bàbá mi lọ. Wọ́n mú òòlù wọn, wọ́n kan òpó kejì láti òkè. Ó ń dún gan-an. Nígbà tí wọ́n dé ìdí rẹ̀, ohùn rẹ̀ kú.

Wọ́n ní, "Pásítọ̀, egbò lo fi àtíkè bò."

Wọ́n ṣàlàyé pé bí omi àti afẹ́fẹ́ bá jọ kan irin tó wà níhòòhò, ìpẹtà dé nìyẹn. Iyọ̀ a sì máa mú un yára. Ìpẹtà kì í lẹ̀ mọ́ irin pinpin. Ó máa ń wú, ó máa ń ṣí, ó sì máa ń gba omi mọ́ra, nítorí náà ó ń jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà. Ibi tí òpó ti wọ kọnkéré, tí omi ń dúró sí, ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sanpépà ha á títí irin yóò fi mọ́. Ẹ nu eruku àti epo kúrò, kí ó gbẹ, kí ẹ sì kun ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá gbẹ, ẹ kun ọ̀dà tí ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré ìdí òpó dagun, kí omi lè ṣàn lọ.

Lọ́jọ́ náà ni mo tún wọ agbẹ̀dẹ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Bàbá kò ní kí n bọ ohunkóhun. Ẹwìrì, iná àti irin ni wọ́n fi hàn mí. A rọ ìkọ́ géètì tuntun láti ara sípírìn ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n ní kí irin pọ́n bí ọsàn tó pọ́n dáadáa. Bí ó bá ti dúdú, kí n má lù ú mọ́, kí ó má baà sán. Bí ó bá funfun tó sì ń ta pàrà, ó ti jóná. Wọ́n kìlọ̀ pé a kì í fi irin tí wọ́n fi síǹkì bò sínú iná, nítorí èéfín rẹ̀ ń fa àìsàn. Nígbà tí ìkọ́ náà kò pọ́n mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì gbóná, a ha èépá rẹ̀ dànù, a fi ìda oyin pa á. Ó rú èéfín, ó sì dúdú minimini. Ti àdá ilé rọrùn jù: ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi àdín pa á.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní 2021. Òòlù wọn wà lọ́wọ́ mi, ọdọọdún nígbà ọyẹ́ ni mo sì ń fi í kan ìdí òpó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Bíbélì dárúkọ Tubali-Kaini alágbẹ̀dẹ nínú Jẹ́nẹ́sísì 4:22. Ẹ fi ojúbọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ jókòó ti bàbá yín kí iná agbẹ̀dẹ tó kú.