Ariwo Iwájú Ọkọ̀ Lójú Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó

Ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí ìlú Oǹdó kò gùn. Gbogbo rẹ̀ kò pé 60 kìlómítà. Àwọn àlejò a máa ṣì í mú, wọn a rò pé Oǹdó ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bẹ́ẹ̀ ni Àkúrẹ́ ni ó ń jẹ́ oyè náà láti 1976. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ọ̀nà kan tí a lè fi dán ọkọ̀ ògbólógbòó wò kí a sì mọ ibi tí àrùn rẹ̀ wà, a kò mọ èyí tí ó sàn ju èyí lọ. Ní Àkúrẹ́ ni títì ọlọ́dà gbé wà, pẹ̀lú oríta ńlá tí ọkọ̀ ń yí po. Lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà a wọ inú igbó àti oko kòkó, a dé Ọ̀wẹnà, a sì kọjá sí Bọ́lọ́rundúró. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì ni àwọn ọ̀nà oko wà, tí àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ pupa wọn lọ. Ohùn tí ọkọ̀ kò bá fọ̀ ní ibi kan, yóò fọ̀ ọ́ ní ibi kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún àwọn ará ibẹ̀. Láti abẹ́ òkè Ìdànrè títí dé àyíká Oǹdó, kòkó ni ó ń rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, oko a sì máa wà níbi tí ọkọ̀ kékeré kò lè dé. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ kan kò ṣe fẹ́ fi ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti gbó. Land Rover jẹ́ àgbà nínú wọn. Ní 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé e jáde, ní àkókò tí irin wọ́n lẹ́yìn ogun, tí wọ́n sì fi alumíníọ́mù ṣe ara rẹ̀. Òjò wa kì í tètè jẹ ara náà. Egungun abẹ́ rẹ̀ tí í ṣe irin ni kí onílé máa bojú tó. Èyí tí a bá rìn lọ sí Oǹdó jẹ́ ti ìran kẹta, tí wọ́n ṣe láàrin 1971 àti 1985.

Bàbá àgbẹ̀ kan ni ó ni ín. Ariwo kan ti ń dún ní iwájú rẹ̀ fún bí oṣù méjì, ẹnì kan sì ti sọ fún bàbá pé gíà inú ìkòkò irin tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti jẹ, kí ó lọ ra òmíràn. Owó tí wọ́n dá lé e tó owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì fún sáà kan. A wí fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń wí ná." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti ń wí i láti ọjọ́ yìí, èmi ni n kò gbọ́ èdè rẹ̀."

Ní oríta Àkúrẹ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀. A rọra yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dé òpin, a yí lọ sí òsì, a yí lọ sí ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ pé ó dún ká-ká-ká bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ, à bá fura sí oríkèé sháàfù tí ó wà nítòsí ẹsẹ̀. Nínú Land Rover yìí, inú bọ́ọ̀lù irin ńlá kan tí ó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni oríkèé náà fi ara pamọ́ sí. Bí òróró bá ń ṣàn sí ara bọ́ọ̀lù náà, rọ́bà tí ó dí i ti bàjẹ́, inú rẹ̀ sì lè ti gbẹ. Tiwa kò dún bẹ́ẹ̀, ara bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì gbẹ.

Níhìn-ín ni kí a sọ nípa ariwo kan tí kì í ṣe àrùn. Awakọ̀ a ti inú ẹrẹ̀ oko bọ̀, a gbàgbé láti yọ ọ̀pá tí ó mú kí ẹsẹ̀ iwájú máa fà, a sì gbé e dé orí títì báyìí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń tọ̀ gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà a yọ̀, ìyàtọ̀ náà a sì parí síbẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà kò rí ibi yọ̀ sí, gbogbo irin abẹ́ ọkọ̀ a lọ́ra wọn pọ̀, wọn a máa ké, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ a sì le. Kí a yọ ọ̀pá náà ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan ti náwó lórí ariwo yìí, èyí tí ó dùn wá púpọ̀.

Lẹ́yìn ìlú ni ohùn náà jáde: hùùù, bí ọlọ tí ń lọ ata gbígbẹ lọ́nà jíjìn. Bí eré ti ń pọ̀ sí i ni ó ń ga sí i. A ní kí bàbá ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn gíà a máa yí padà bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń tú u. Èyí kò yí. Táyà eléyín ńlá náà a máa hu, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ a máa yàtọ̀ níbi tí ọ̀dà bá ti yàtọ̀, èyí kò sì yàtọ̀. Nígbà tí kò sí ọkọ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn, bàbá rọra gbé orí ọkọ̀ sí òsì díẹ̀, ohùn náà pọ̀. Ó gbé e sí ọ̀tún, ó rọlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọrí sí òsì, ẹrù rẹ̀ a bọ́ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nítorí náà ni a ṣe dojú kọ ẹsẹ̀ ọ̀tún.

A dúró ní Ọ̀wẹnà, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, a sì ṣe èyí tí àwa kà sí ìdánwò tí ó dára jù lọ. Ní àárín ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí ni họ́ọ̀bù kan wà tí a lè fi ọwọ́ yí, láti so ẹsẹ̀ mọ́ sháàfù tàbí láti tú u. Bí a bá tú méjèèjì, ẹsẹ̀ yóò máa yí lórí bẹ́árìn rẹ̀ nìkan. Sháàfù, gíà inú ìkòkò, àti ọ̀pá gígùn tí ó ti àárín ọkọ̀ wá, gbogbo wọn yóò dúró jẹ́ẹ́. Ohun tí kò yí kò lè pariwo. A tú wọn, a sì ń lọ. Kí a tó dé Bọ́lọ́rundúró, hùùù náà ti tún dé, kò dín, kò sì pọ̀. Báyìí ni gíà inú ìkòkò ṣe bọ́ nínú ẹ̀sùn, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì sì bọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní Oǹdó, ìlú Ọ̀ṣemàwé, a wọ ọgbà mẹkáníìkì kan. Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, wọ́n fi igi dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n fi jáàkì gbé ọ̀tún sókè, wọ́n sì ki ìtì igi ńlá sábẹ́ ọ̀pá ìdí ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Jáàkì a máa yọ̀. Ọ̀gá náà di orí táyà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ó mì ín síwá sẹ́yìn, ó sì ń mì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ bíréèkì, ó tún mì ín: kò mì mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣì ń mì nígbà tí bíréèkì ti dì í, píìnì tí ẹsẹ̀ fi ń yí sọ́tùn-ún sósì ni ìbá jẹ ẹ̀bi. Ó di ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì mú láti wo àwọn irin ìtọ́kọ̀, wọ́n le dáadáa.

Nígbà tí wọ́n tú bẹ́árìn jáde, ojú rẹ̀ ti jẹ bí ojú ọlọ àtijọ́, gíríìsì rẹ̀ sì ti dúdú, omi ti wọ inú rẹ̀. Bàbá fẹ́ kí wọ́n fi òrùka irin àtijọ́ tí bẹ́árìn jókòó sí sílẹ̀, kí owó lè dín. Ọ̀gá náà kọ̀, ó sì ṣe rere, nítorí pé òrùka tí ó ti jẹ yóò jẹ tuntun náà. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tí ń dí gíríìsì pẹ̀lú. Wọ́n dè é le nígbà tí wọ́n ń yí ẹsẹ̀, wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n sì tẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ nọ́ọ̀tì kí ó má baà tú. Ọ̀gá ní kí bàbá tún gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí ó mì ín wò lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, nítorí pé bẹ́árìn tuntun a máa jókòó. Bàbá béèrè pé báwo ni ìrìn náà yóò ti jìnnà tó. Ọ̀gá ní láti Oǹdó dé Àkúrẹ́ tó.