Ilẹ̀ Tó Ṣófo Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Tó Ń Ṣòfò

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ọdún yìí nípa ilé kíkọ́ àti ètò ìlú. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a rí i pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá ju orí ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa rà láti fi kọ́ gbọ̀ngán lọ. Ìpàdé mẹ́ta ni a ti fi jiyàn lé e lórí. Gọ́tà ńlá gba ẹ̀yìn ilẹ̀ náà kọjá. Àwa ní kí a fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn kan ní kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i kí owó lè máa wọlé. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé kí ni ilẹ̀ tó ń ṣòfò yẹn wà fún. Ìbéèrè rẹ̀ dára. Ìdáhùn rẹ̀ ló gùn ju ohun tí a lè sọ nínú ìpàdé lọ, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ojú ń tì wá láti sọ.

Ìlú Kaduna kò dàbí Ìbàdàn tàbí Zaria tó ti wà kí òyìnbó tó dé. Àwọn Gbagyi ló ń dáko káàkiri ibí. Lugard àti àwọn ṣọ́jà rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlú, wọ́n sì gbé olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá síbí ní 1917. Rélùwéè ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá, ìdí nìyí tí Ibadan Street àti Lagos Street fi wà láàárín ìgboro. Ní 1917 yẹn kan náà ni òfin ìlú jáde pé ilẹ̀ tó ṣófo gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi tí òyìnbó ń gbé àti ibi tí ènìyàn dúdú ń gbé: yáàdì 440, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sórí rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀fọn tó jẹ wá má baà fò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí iná tó bá mú òrùlé wa má sì ràn dé tiwọn. Ẹ rí i báyìí pé òyìnbó mọ ohun tí ilẹ̀ tó ṣófo wúlò fún. Ara tirẹ̀ nìkan ló kàn fi dáàbò bò. Láàárín ilé dúdú kan àti ilé dúdú kejì, kò sí ẹni tó wọn yáàdì kankan.

Nígbà tí a wà ní Kaduna Polytechnic, níbi tí a ti gba dípúlómà nínú ètò ìlú, ìwé kan wà ní láíbìrì tí gbogbo kíláàsì ń jà dù. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Max Lock àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ṣe é fún ìjọba Àríwá, ó sì jáde ní 1967. Ọdún mẹ́ta ló wà nínú àkọlé rẹ̀: 1917, 1967, 2017. Ó wo àádọ́ta ọdún tó kọjá, ó fi gbé ètò àádọ́ta ọdún tó ń bọ̀ kalẹ̀. Kò tíì tutù lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi pín Àríwá sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ní oṣù Màyù ọdún náà gan-an, ìjọba tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ sì di ohun ìtàn. Ìkànìyàn 1963 ka Kaduna sí nǹkan bí 150,000. Ti 2006 ka Kaduna North àti Kaduna South nìkan sí èyí tó lé ní 700,000, láì tíì ka Chikun àti Igabi tí ìgboro ti ya wọ̀. 2017 ti dé, ó sì ti kọjá.

Olùkọ́ wa kan kò fẹ́ràn kí a máa jókòó ti ìwé. Ó kó wa lọ sí ìhà Kakuri àti Makera, níbi tí ilé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ sí láti ìgbà tí Kaduna Textiles ti bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Ó mú wa dúró lẹ́bàá odò kékeré kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ Ajé, omi náà pupa. Nígbà tí a padà lọ lọ́jọ́rú, ó ti di búlúù, bí aró tí wọ́n rẹ aṣọ sí bá ti rí. Àwọn kan ń bu ú rin ẹ̀fọ́. Olùkọ́ wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí a ka ilé tó wà létí omi, kí a sì béèrè iye tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń gbà lóṣù. Ìgbà yẹn ló yé wa pé ìdọ̀tí ní àdírẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló máa ń yà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìfọpo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980 ní ìhà Chikun: odò Romi, tí àwọn ará oko ń lò, ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ máa ń gbà dé odò Kaduna. Ọ̀pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ aṣọ wọ̀nyẹn ti kógbá sílé. Iṣẹ́ lọ, ilẹ̀ tó mu aró ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Lọ́jọ́ Ajé, 21 oṣù Fẹ́búárì 2000, nígbà tí wàhálà Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀, Kabala West ni àwa àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń gbé. A mọ pálánù àdúgbò náà bí ẹni mọ owó. A mọ̀ pé ọ̀nà kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa tó já sí títì. Lórí ìwé ni. Lórí ilẹ̀, ẹnìkan ti kọ́ ilé adìyẹ dí i ní ìdajì, ẹlòmíràn ti mọ ògiri dí ìyókù, àwa náà sì ti gbé táńkì omi wa síbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ṣófo. Nígbà tí èéfín yọ níwájú, a sáré gba ẹ̀yìn, táńkì wa ni a kọ́kọ́ bá. Bàbá Hausa kan tó múlé tì wá ló ṣílẹ̀kùn agbo ilé rẹ̀, ó ní, "Ku shigo, ku shigo." Ó mú wa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀ kọjá sí òdìkejì, níbi tí àlejò ọkùnrin kì í dé. Bí a ṣe rí ọ̀nà dé bárékè nìyẹn. Láàárín oṣù náà àti Màyù, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú ní ìlú yìí. Àwa tí a kàwé ètò ìlú ni a gbé táńkì dí ọ̀nà. A kì í lè gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlú pín sí méjì. Kristẹni ń kó lọ sí gúúsù odò, Mùsùlùmí ń kó lọ sí àríwá. Àwọn kan fi ilé ṣe pàṣípààrọ̀. Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú jù, nítorí a kò fi ẹ̀sìn pín ìdílé tiwa. Ẹ̀gbọ́n wa tí a jọ ti inú ìyá kan náà jáde, Alhaji ni, Tudun Wada ló ń gbé. Àwa bọ́ sí Sabon Tasha. Títí di ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, bí àwọn ọmọ bá kọjá afárá lọ jẹran Iléyá lọ́dọ̀ bàbá wọn àgbà, ìyá wọn kì í lè jókòó títí wọ́n á fi padà.

Ẹ̀rù yẹn ló ba ètò ìlú jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Ẹni tó ń sá kì í béèrè pálánù. Oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, wọ́n á gé e ní pulọ́ọ̀tì lọ́sẹ̀ yìí, bulọ́ọ̀kù á ti dúró lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí Rigasa ṣe ń wú ní àríwá ni àdúgbò tiwa náà ń wú ní gúúsù. Ní 2001, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, télọ̀ ni, tó ti ta ilé rẹ̀ ní ẹ̀dínwó gidi, mú ìwé ilẹ̀ tuntun kan wá bá wa ní ọ́fíìsì. Ìjọba ìbílẹ̀ tí a wà nígbà náà, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Mai unguwa ti fọwọ́ sí ìwé náà, ẹlẹ́rìí méjì ti fọwọ́ sí i, ó ku òǹtẹ̀ káńsù. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀. Kò sí epo nínú ọkọ̀ ọ́fíìsì. Bàbá náà àti ìdílé rẹ̀ sì ń sùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti oṣù mélòó kan. Àánú ṣe wá. Ọ̀gá wa buwọ́ lù ú, àwa lu òǹtẹ̀. Bàbá gbàdúrà fún wa, ó sì rán aṣọ fún àkọ́bí wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí òǹtẹ̀ yẹn jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì ń ṣìnà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sí ọwọ́ gómìnà. Èyí tí kò sí ní ìgboro ni ìjọba ìbílẹ̀ lè fi fúnni. Ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ní Kaduna, KASUPDA ti ìpínlẹ̀ ló ń fúnni. Òfin kan jáde ní 1992 pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ ètò ìlú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, orí ìwé ló kú sí. Nítorí náà, òǹtẹ̀ tí a lù fún bàbá yẹn, ẹ̀rí pé ó ra ilẹ̀ ni. Kò sọ pé ilẹ̀ náà ṣeé gbé. Òun kò mọ ìyàtọ̀, àwa mọ̀ ọ́n, a kò sọ fún un. Kì í sì í ṣe pé kò sí nǹkan lọ́wọ́ káńsù o. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná òpópónà, kíkó ìdọ̀tí, fífi orúkọ sí òpópónà àti nọ́ńbà sí ilé, àti àyè gbàgede. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. (Ti nọ́ńbà ilé, ẹni tí iná bá ti mú ilé rẹ̀ rí, tó ń ṣàlàyé lórí fóònù fún àwọn panápaná pé kí wọ́n yà níbi igi máńgòrò, ló lè sọ ọ́.)

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ḿbà 2003, odò Kaduna kún àkúnya. Inú omi tó mu wá dé àyà ni a gbà dé ilé bàbá náà. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ jáde. Òun jókòó sórí ògiri, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé itan bí ọmọ ọwọ́. Ó wò wá títí, kò bínú, ó kàn ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ dé ibí kí ẹ tó lu òǹtẹ̀?" A kò rí ohun kan sọ. Kò tún béèrè mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí omi fà, a fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Ojú ọ̀nà tí odò máa ń gbà bó bá kún ni ilé náà wà. Iyanrìn àti koríko etí omi ló yí i ká. Ọmọdé tó bá dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ̀. Ìrìn láti ìdí títì débẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Epo ọkọ̀ kọ́ ni kò jẹ́ kí a lọ.

Ní 2012, ọdún tí omi ya ilé ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà, a tún gba ibẹ̀ kọjá. Ẹlòmíràn ti kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ bàbá náà. Ó ní ìwé, ó fi hàn wá. A wo òǹtẹ̀ náà dáadáa, kì í ṣe tiwa.

Bí ìjọba ṣe ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn: wọn á sùn títí ilé á fi kan òrùlé, wọn á wá jí, wọn á fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Ẹ rántí ìjà Gbagyi Villa ní Chikun ní 2016, tí Kaduna Polytechnic ní ilẹ̀ òun ni, tí àwọn onílé sì ní owó àwọn ni àwọn fi rà á. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré àkọ́kọ́? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní oṣù Júláì 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. A gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti wà níbẹ̀ mọ̀ pé owó epo lè wà kí ẹsẹ̀ má sì kúrò ní ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ilẹ̀ ẹgbẹ́. Àbúrò wa ni ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn, a kò bínú sí i, ìṣirò rẹ̀ sì péye: ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló lè gba ibẹ̀, owó wọn á tó san ti máìgádì àti iná mànàmáná. Ohun tí kò sí nínú ìṣirò rẹ̀ ni pé omi òpópónà mẹ́ta tó wà lókè wa ló ń gba gọ́tà yẹn. Bí a bá kọ́lé mọ́ ọn, tí kò sí ibi tí ẹni tó ń kó ẹrẹ̀ jáde á dúró sí, yóò dí, omi kò sì ní wọ gbọ̀ngán tiwa, nítorí àwa wà lókè. Yàrá àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò wọ̀. Gbagyi àti Hausa ni wọ́n, wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ wa, wọn kò sì ní ìbò nínú ìpàdé wa. Mítà mẹ́fà ni a ní kí a fi sílẹ̀, kí géètì ẹ̀yìn sì ṣí sí ọ̀nà náà, kí ó máa ṣí síta, nítorí ọjọ́ tí ènìyàn ọgọ́rùn-ún mélòó kan bá ní láti jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Pálánù náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Èèkàn mẹ́jọ ni a rì síbẹ̀, a fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn kó tó dìbò, kí ó tètè lọ, nítorí bí òjò méjì bá ti rọ̀, koríko á bò wọ́n.